Adágún Tó Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́ ní Padova

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń bi mí pé, "Bọ̀dá Káyọ̀dé, iṣẹ́ wo ló yẹ kéèyàn kọ́ nílùú yìí?", ẹ fún mi ní àga kí n jókòó, torí ìdáhùn mi gùn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ.

Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èèyàn wa tó wà nílẹ̀ Ítálì yìí, láti Torino títí dé Padova, kó tún yà sí Reggio Emilia, ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tó mọ erékùṣù oníná tí mo fẹ́ sọ yìí jù mí lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ wá gé irùngbọ̀n mi.

Erékùṣù kan ni, láàárín agbami òkun, níbi tí oòrùn kì í ti í sinmi. Òkè tó ń yọ iná tó ń yọ èéfín ló bí i láti inú omi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ṣì wà láyé. Nǹkan méje ni wọ́n ní àlejò kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láì rí: òkè iná fúnra rẹ̀, adágún tó wà lẹ́nu ihò òkè kan tí iná rẹ̀ ti kú, omi ńlá tó ń já láti orí àpáta, etí òkun oníyanrìn dúdú, igbó tí ewé rẹ̀ ga ju ilé lọ, ihò gígùn tí iná gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, àti omi gbígbóná tó ń sun fúnra rẹ̀ bíi ti Ìkọ̀gòsì. Ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tí kò gba ọwọ́ mi kọjá kí ojú àwọn ará Ítálì tó rí i. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe. Èmi ni mo ń tẹ àwòrán tó ń mú wọn ta ilé ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe dé Torino lọ́dún 1990, bí mo ṣe lọ ká èso ní Cuneo tí ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, ẹ jẹ́ ká fò ó. Gbogbo wa la ní irú ìtàn yẹn. Ará ìjọ kan ló sọ fún mi pé wọ́n ń wá agbálẹ̀ ní tipografia kan ní Padova, ilé ìtẹ̀wé ńlá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n gbà mí. Mo rí yàrá kan ní àdúgbò Arcella, mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù. Ó parí.

Ẹni tó jẹ́ olórí nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀ ni bàbá kan tó ń jẹ́ Gino, àmọ́ kò sẹ́ni tó láyà láti pè é bẹ́ẹ̀. Maestro, ìyẹn ọ̀gá nídìí iṣẹ́, ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bàbá kúkurú, irun funfun, àpò ẹ̀wù wọn kì í ṣófo láì sí rúlà onírin kan. Ojú wọn mú débi pé àwọn oníbàárà a máa sọ pé bí Maestro bá ti fọwọ́ sí ìwé, àwọn ò nílò láti wá wò ó mọ́. Bó ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ wa nìyẹn: kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́ pé, "Mo ti rí i, ẹ tẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá tẹ̀lé e, orí ẹni tó fọwọ́ sí i ni.

Lọ́jọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ lẹ́bàá tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò. Maestro fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń wo àwòrán omi tó ń já láti orí àpáta. Ẹnu mi ò gbélé. Ní èdè Ítálì jágbajàgba tí mo gbọ́ nígbà náà, mo ní, "Omi yìí ò já o. Ó kàn so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá ni."

"Chi ha parlato?" Wọ́n ń béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, Maestro."

"Ìwọ tó ò ń gbálẹ̀. Kí lo mọ̀ nípa omi tó ń já?"

"Ẹ̀rìn ni wọ́n bí ìyá mi sí, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Abẹ́ irú omi yìí ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún mi. Omi tó bá ń já, òkúta ẹ̀yìn rẹ̀ a máa yọjú fìrífìrí. Èyí ò ní òkúta lẹ́yìn."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ìwé. Wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí tàdáwà dúdú díẹ̀ báyìí, ìwé mìíràn jáde. Omi já! Àfi bíi pé mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Maestro ò kí mi, wọn ò dúpẹ́. Wọ́n ní, "Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Ẹ má rò pé fàájì ló dé. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi fọ rólà ẹ̀rọ, tí òórùn oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ wọ inú ìrọ̀rí mi nílé. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ bébà kí afẹ́fẹ́ lè wọ àárín rẹ̀, kí méjì má bàa lẹ̀ pọ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ. Bí mo bá nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tàdáwà pẹ́nrẹ́n, rúlà onírin á dún gbà! lórí tábìlì, á ku díẹ̀ kó kan ìka mi. "Guarda. Non toccare." Wò. Má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi jẹun àárọ̀, òun ni mo fi jẹ tọ̀sán. Àwọn ọmọ Ítálì méjì tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti sá lọ kí ọdún tó yí. Èmi dúró. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Oyin náà dùn. Tàdáwà mẹ́rin péré la ní: dúdú, búlúù, pupa, yẹ́lò. Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, inú mẹ́rin yẹn la ti ń wá a.

"Maestro, funfun ńkọ́?" ni mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

"Funfun ò sí. Funfun ni bébà. Ohun tó o bá ní sùúrù láti fi sílẹ̀ ni funfun. Omi tó ń já yẹn, ohun tá ò tẹ̀ ni."

Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí etí òkun oníyanrìn dúdú, mo ní epo ọkọ̀ ló dà síbẹ̀. Maestro rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òkúta tí iná yọ́ ni, tí òkun wá lọ̀ kúnná. Tàdáwà dúdú nìkan kò lè tẹ irú iyanrìn yẹn, á dà bí èédú ni. Búlúù la máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí dúdú tó gorí rẹ̀. Ìgbà náà ló máa ń dán bí ìgbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sẹ́yìn. Igbó, yẹ́lò ló ń gbé e dìde. Èéfín omi gbígbóná, bí ẹni fẹ́ mí sórí bébà ni. Bó bá fi bín-ín-tín lé, á di àwọ̀sánmà òjò, àlejò ò sì ní wá. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò kàwé ló ń sọ̀rọ̀ o.

Ìwé tí kò bá dára tó, wọ́n máa ń gé e dànù ni. Mo tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ Maestro, wọ́n ní kí n máa kó o. Báyìí ni erékùṣù yẹn ṣe gba Arcella. Ní àwọn ọdún yẹn, kò sí ilé Yorùbá tẹ́ ẹ máa wọ̀ tí omi ò ní máa já lára ògiri. Sístà Dúpẹ́, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà, wọ aṣọ ìsìn, ó dúró síwájú òkè iná tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ nílé. Lẹ́yìn oṣù kan, màmá pè é lórí fóònù: "Dúpẹ́, Padova yẹn mà dára o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ yín gbàdúrà sí òkè ẹ̀yìn rẹ yẹn. Èéfín rẹ̀ ò dá mi lójú." Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Maestro, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì nu ojú. Ah, ìgbà yẹn! Bí ẹ̀rọ bá ń sáré, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ bàtà, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tó ń jó.

Nígbà tó fi máa di bí ọdún kẹfà, èmi ni igbákejì Maestro. Èmi ń dúró níbi tí ìwé ti ń jáde, àwọn wà níbi kọ́kọ́rọ́. Àárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Maestro a máa gbé ìwé sún mọ́ ojú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á ní yẹ́lò ò tó, bẹ́ẹ̀ yẹ́lò ti pọ̀. Ojú wọn ti ń ṣú. Mi ò lè sọ ọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tọ́ ẹ nílé wa, kó o wá la ẹnu sọ fún bàbá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ pé ojú rẹ̀ ti lọ?

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe é, Maestro ní àṣà kan. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá ti jáde tí wọ́n ti to kọ́kọ́rọ́, wọ́n á bọ́ gíláàsì sí àpò, wọ́n á ní, "Vado a prendere un caffè," pé àwọn ń lọ mu kọfí, wọ́n á sì jáde. Kí wọ́n tó dé, èmi á ti sáré dé ìdí kọ́kọ́rọ́, màá dín èyí kù bí irun orí, màá fi kún tọ̀hún. Wọ́n á padà dé, wọ́n á wo ìwé tuntun, wọ́n á ní, "Ecco," òun nìyẹn. Wọ́n á fọwọ́ sí i. Bí ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń yin ara mi nínú: Káyọ̀dé, o gbọ́n, o tún lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, iṣẹ́ erékùṣù yẹn náà ni, ìwé tí wọ́n fẹ́ pín níbi ọjà ńlá àwọn tó ń ta ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó yé yín. Lórí bébà ńlá tí a ń tẹ̀, òkè iná wà lókè, adágún sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, lórí ìlà kan náà. Kọ́kọ́rọ́ pupa kan ṣoṣo ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Bó o bá fún iná ní pupa jù, adágún á mu nínú rẹ̀. Adágún yẹn sì rèé, àwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ẹwà rẹ̀. Pupa ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Padrone, ìyẹn ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́, fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, ó dúró ti wa lẹ́yìn, ó ń wo aago. "Più rosso! Iná yẹn ò jó! Ẹ fi pupa sí i!"

Maestro ṣí pupa. Ìwé jáde. Òkè ń jó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n adágún ti di omi àgbàrá, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí màlúù là á kọjá. Mo rí i kedere. Mo ń dúró kí Maestro ní àwọn ń lọ mu kọfí. Wọn ò lọ. Padrone ti dí ọ̀nà. Maestro gbé ìwé sójú, wọ́n yí sí mi. "Va bene?" Ṣé ó dára?

Ẹ̀yin ará, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Mo ní, "Maestro, nílé wa, wọ́n máa ń sọ pé àgbà tó bá ń rìn nínú òkùnkùn, kó jẹ́ kí ọmọ gbé àtùpà ṣáájú."

Padrone ní, "Òkùnkùn wo? Iná tó wà níbí ò tó ni?"

Maestro ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún béèrè, wọ́n rọra ń pè é bí ẹni ń ka ìka: "Va bene, sì o no?" Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ṣé kí n wá sọ níwájú ọ̀gá wọn pé wọn ò ríran? Mo ní, "Va bene, Maestro."

Wọ́n fọwọ́ sí i. A fi odindi ọjọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kejì, signora, ìyáàfin tó ni iṣẹ́ náà, wọlé, ó ṣí ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó jókòó. "Il lago è morto," ló sọ. Adágún ti kú. "Ta ló fẹ́ wọkọ̀ òfúrufú lọ wo adágún òkú?"

Wọ́n pe èmi àti Maestro sí ọ́fíìsì. Padrone kọjú sí mi: "Ìwọ lo dúró níbi tí ìwé ti ń jáde. Gbogbo rẹ̀ ló kọjá níwájú rẹ. O ò rí i?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ojú mi yìí ni mo fi ń yangàn. Bí mo bá ní mo rí i, wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ ojú Maestro á sì jáde, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo wo Maestro. Wọ́n ti gbé ìwé náà lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mo ní, "Mi ò rí i."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó korò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí. Maestro ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lé Maestro? Padrone ní contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́, parí lópin oṣù, òun ò sì ní tún un ṣe. Kí n máa lọ sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bí síbí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Oṣù mẹ́ta ló kù kí permesso di soggiorno mi, ìwé ìjókòó nílùú yìí, kú. Láìsí contratto, questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fún wa níwèé, ò ní tún un ṣe. Láìsí ìyẹn, èmi, ìyàwó àti ọmọ, ìwé ìjókòó gbogbo wa ti lọ nìyẹn.

Fúnmiláyọ̀ ìyàwó mi ò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Ó kàn ní, "Bàbá Bùkọ́lá, o rí i, àbí o ò rí i?"

"Mo rí i."

"O wá parọ́ mọ́ ojú ara rẹ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ ló máa dá wa padà sílé, kì í ṣe ìwàkiwà. Ó dáa."

Ọjọ́ Ìsinmi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé, ẹnì kan tẹ agogo ìsàlẹ̀. Maestro ni. Àjà kẹrin là ń gbé, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wọn ń ra ògiri. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n kí Fúnmiláyọ̀, wọ́n jókòó kọjú sí ara ògiri, níbi tí adágún ti tẹ́lẹ̀ wà, èyí tí a tẹ̀ nígbà tí ojú wọn ṣì mú. Wọ́n pe Bùkọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún.

"Piccola, adágún ara ògiri yẹn, àwọ̀ wo ni?"

"Verde!" Àwọ̀ ewé.

Wọ́n yọ ìwé kan nínú àpò. Ìwé tiwa ni, ti ọjọ́ burúkú yẹn. "Èyí ńkọ́?"

"Marrone. Che schifo!" Bí ẹrẹ̀. Ó tún sọ pé ó kóni nírìíra. Ìyá rẹ̀ fà á létí wọ kìṣínì.

Maestro ń wo ti ara ògiri, wọ́n ń wo ti ọwọ́ wọn, mo mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n ń rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo bi ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́."

"Maestro, padrone wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dójú tì yín? Bàbá mi lẹ jẹ́."

"Bàbá rẹ ń lọ sínú kànga, ìwọ wá ń pa òwe!"

Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni Fúnmiláyọ̀ gbé kọfí wọlé, torí mo ti máa ń sọ fún un pé bàbá yìí fẹ́ràn kọfí. Maestro na ọwọ́ sókè. "Ẹ ṣeun, signora, ṣùgbọ́n èmi kì í mu ún. Inú mi ò gbà á, ó ti lé ní ogún ọdún."

Fúnmiláyọ̀ wò mí. Mo wo Maestro.

"Ẹ kì í mu ún? Ọdún méjì! Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́! Níbo lẹ ń lọ?"

"Ẹ̀yìn ògiri. Níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí."

"Nígbà òtútù?"

"Nígbà òtútù ńkọ́? Mo máa ń ka nọ́ńbà dé ọgọ́rùn-ún márùn-ún, kí n tó padà wọlé, kí o lè ráyè tún un ṣe."

Ẹnu mi ò lè pa dé. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo lẹ́kọ̀ọ́! Wọ́n mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti sọ, ojú sì ń tì mí láti sọ. Àwọn ń sọ ààbọ̀, èmi náà ń sọ ààbọ̀, ẹ wá wo odindi tí a fi ààbọ̀ méjì ṣe: òkìtì adágún òkú.

Fúnmiláyọ̀ ló gbà wá là. Ó gbé kọfí kúrò, ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata wá. Maestro jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú wọn, mi ò sì lè sọ bóyá ata nìkan ni.

Ọjọ́ Ajé, wọ́n wọ ọ́fíìsì padrone láì kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó gbọ́ ọ sọ fún mi pé wọ́n ní, "Ojú mi ti kú, mo sì fi pamọ́ fún ọ. Ojú Káyọ̀dé ló ti ń tẹ̀wé fún ọ láti ọdún méjì. Bó o bá lé e, ta ló kù tó ríran nílé yìí?" Wọ́n pè mí padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Maestro gba ìsinmi, wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Èmi ni mo tún iṣẹ́ náà tẹ̀. Mo to kọ́kọ́rọ́, ìwé jáde. Padrone tún dé. Kò tíì kọ́gbọ́n. "Iná yẹn, più rosso!"

"Rárá, padrone. Bí mo bá fi pupa kún iná, adágún á kú. Ẹ wò ó fúnra yín."

Òwe kankan ò sí níbẹ̀. Ó wò ó, ó kùn, ó lọ. Wọ́n gbé báírò fún mi. Èmi, ìwé kẹrin, mo fọwọ́ sí bébà ńlá yẹn, mo kọ orúkọ mi pé pérépéré. Contratto tuntun dé, permesso tẹ̀lé e. Àwọn ará Ítálì ló lọ wo adágún yẹn lọ́dún náà, èmi ni mo rán wọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, padrone ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka àwọ̀. Ẹ gbé e lé bébà, á sọ nọ́ńbà. Ó dára, mi ò bú u, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá omi ń já tàbí ó so rọ̀. Kọ̀ǹpútà dé, ó gba iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù tí a fi ń tẹ̀wé. Ìwé erékùṣù wa tó ń kún àpótí mẹ́fà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fi sí àpò. Nígbà tó yá, àlejò ò wá ìwé mọ́ rárá, orí fóònù ni wọ́n ti ń wo òkè iná. Ẹ̀yìn mi náà ní ó tó. Mi ò tíì pé ọgọ́ta, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì. Bí òórùn tàdáwà bá fẹ́ sí mi nímú níbìkan, mo máa ń dúró.

Nítorí náà, iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́? Èyí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà wá ẹni tí rúlà rẹ̀ máa ń dún.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ yẹn, mo lọ kí Maestro nílé wọn ní Colli Euganei, àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Padova. Wọ́n ní òkè iná ni àwọn náà nígbà láéláé. Maestro ń rìn kánmọ́kánmọ́, wọ́n ń ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà lókèèrè fún mi kí n lè mọ̀ pé ojú ti là. Mo mú ìwé tí mo fọwọ́ sí dání, torí wọn ò tíì rí i. Wọ́n gbé e sínú oòrùn. Wọ́n wò ó títí.

"Troppo giallo," ni wọ́n sọ. Yẹ́lò ti pọ̀ jù.

"Níbo?"

"Nínú adágún. Díẹ̀. Bí irun orí."

"Maestro, ojú tuntun yẹn ò tíì balẹ̀ ni."

"Ó ti balẹ̀. Troppo giallo."

A jẹun lórí rẹ̀, a jiyàn lórí rẹ̀, ìyàwó wọn bẹ̀ wá títí. Mo fi ìbínú wọ bọ́ọ̀sì. Àgbà yìí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo gbé ìwé náà sójú fèrèsé wa ní Arcella, mo gbé ti ara ògiri sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wò ó. Mo yí i. Mo tún wò ó. Lẹ́yìn náà mo gbé fóònù.

"Pronto?"

"Maestro, èmi ni. Yẹ́lò ti pọ̀ jù."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Kí ló mú ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"